Òórùn Òbúkọ ní Aberffraw

Imú mi ló kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe ojú.
Oṣù kẹfà ń parí lọ, mo ti iṣẹ́ òru bọ̀,
mo gba àárín òkìtì iyanrìn etí òkun
nítorí bọ́ọ̀sì Aberffraw kì í dúró de ẹnikẹ́ni.
Ṣàdédé, òbúkọ.
Òbúkọ gidi, irú èyí tí bàbá mi máa ń so mọ́ ìdí igi ọsàn
lẹ́yìn ilé wa ní Ìgbájọ.
Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú.
Àgùntàn ni wọ́n ń sìn ní erékùṣù Anglesey,
àgùntàn kì í sì í run báyìí.

Òdòdó ni.
Ó ga dé orúnkún mi, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ,
ó lé ní ogójì lórí ọ̀pá kan ṣoṣo,
ó funfun bí omi ògì àná,
ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn ta sí i lọ́fun,
ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yọ ahọ́n gígùn síta
bí ọmọ tí wọ́n ní kó mu àgbo.

N kò fà á tu.
Mo ya fọ́tò, mo to ìkarahun mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá Heulwen Prydderch, yàrá kẹrin, ilé àwọn arúgbó:
ogójì ọdún ló fi ka ewéko erékùṣù yìí
kí orúnkún rẹ̀ méjèèjì tó kọ̀wé fipò sílẹ̀.
Ó fi awò tó so kọ́rùn pẹ̀lú okùn bàtà wo fóònù mi.
“Ṣé o fà á tu?”
“Rárá, mà.”
“Ó dáa. Jókòó.”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ bí ọlọ́pàá:
ahọ́n yẹn gùn tó mélòó? Ó lọ́ ni, àbí ó nà?
Ṣé ṣóńṣó rẹ̀ là sí méjì? Koríko wo ló bá a gbélé?
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa dà lọ, nínú òjò,
èmi àti rúlà ọmọ iléèwé.
Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ;
tìrẹ, ó ní kí n kọ́kọ́ ka eyín ọmọ ná.

Ọ́kíìdì alángbá.
Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ní Látìnì náà nímú:
òbúkọ ló fara pa mọ́ sínú orúkọ ọ̀hún.
“Ó wà ní gúúsù,” ló wí, “ní Kent, lọ́nà jíjìn. Níbí? Kò sí rí.”

Ó ní irúgbìn rẹ̀ kéré bí àtíkè,
pé kì í di oúnjẹ kankan dání rìnrìn àjò.
Ibi tí afẹ́fẹ́ bá jù ú sí,
fọ́nrán olú inú ilẹ̀ ni yóò máa bọ́ ọ
lọ́dún mélòó kan, nínú òkùnkùn, kó tó yọ ewé.
Mo rántí yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn ní Bangor,
abọ́ ìrẹsì tí ẹnìkan ń gbé sẹ́nu ọ̀nà mi,
tí n kò mọ̀ ọ́n di òní.
N kò sọ̀rọ̀. Mo ń pín oògùn rẹ̀ sínú àpótí ọjọ́ méje.

Dókítà kan kọ̀wé láti Cardiff pé òun gbà bẹ́ẹ̀.
Fọ́ọ̀mù tẹ̀ lé e: *Onílẹ̀ ni, àbí àlejò?*
Ìyá Heulwen mú bírò, ó gbé e sílẹ̀, ó tún mú un.
Ó kọ ọ́ gàdàgbà: *Ó ń yọ òdòdó.*

*Ta ló rí i?*
Mo pe orúkọ mi fún un, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan:
Moṣebọ́látán.
Ó bi mí níbi tí àmì wà,
ó fi méjì sísàlẹ̀, mẹ́ta sókè, ọwọ́ ń gbọ̀n,
kò fo ọ̀kan.
“Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?”
Mo sọ fún un.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.
Ó ní kí n gbé ìwé ńlá yẹn wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
èyí tó ti fa ìlà sí nísàlẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn,
tó sì kọ *Ó parí*.
Abẹ́ ìlà náà ló kọ nọ́ńbà tuntun sí.

Bàtà mi ṣì ń run òbúkọ.
N kò tíì fọ̀ ọ́.